Fáìlì Tuntun Ń Pa Fóònù Àtijọ́: Òótọ́ Àbí Irọ́?

Láti Mọ́níyà dé Olódò, láti Ìyànà Ọ̀fà dé Àkànràn ní agbègbè Ìbàdàn, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe tí ẹ kò ní gbọ́ ẹjọ́ yìí: áàpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ ti kọ̀, kò wọlé mọ́. Ẹnjiníà fóònù á ní ìlànà fáìlì ló yí padà. Oníbàárà á ní kò sí ohun tó yí padà, owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ẹni kẹta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á dá sí i pé òun gbọ́ pé àwọn òyìnbó ló ń fi ọgbọ́n pa fóònù àtijọ́ kí a lè ra tuntun. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àmọ́ irọ́ ibẹ̀ pọ̀ jù.

Mo fẹ́ tú u palẹ̀ nítorí pé owó àwọn èèyàn wa ló ń bá irọ́ náà lọ. Ẹni tó bá gbà pé fóònù òun ti kú, nígbà tó jẹ́ pé fáìlì tí kò bá a mu ni wọ́n gbé sórí rẹ̀, yóò ra òmíràn láìnídìí. Ẹni tó bá sì gbà pé fáìlì àtijọ́ ló dáa jù nígbà gbogbo, ó ń ṣílẹ̀kùn fún olè.

Ohun tí à ń pè ní áàpù tàbí ètò kọ̀ǹpútà, fáìlì ni. Àṣẹ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí prọ́sẹ́sọ̀ yóò máa tẹ̀ lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀rọ tó lè tẹ̀ lé àwọn àṣẹ náà, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà tí ètò náà ń lò wà, àti àwọn fáìlì mìíràn tí iṣẹ́ náà kò lè ṣe láìsí wọn. Bí wọ́n ṣe to gbogbo èyí sínú fáìlì kan ni mo ń pè ní ìlànà ìtò. Òun ló ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, òun náà ni irọ́ ń dì mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé ohun tí wọ́n ń sọ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Fáìlì tó bá ti ní .apk lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, fóònù gbọ́dọ̀ gbà á."

Irọ́ ni. Inú fáìlì ni ẹ̀rọ ń wò, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Báìtì bíi mélòó kan tó ṣáájú ló kọ́kọ́ ń kà. Fáìlì .exe ti Windows, lẹ́tà M àti Z ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Mark Zbikowski ni, ọ̀kan lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí DOS ní Microsoft, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Fáìlì ELF, tí Linux àti Android ń lò, báìtì kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 127 ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ni E, L, F. Báìtì karùn-ún ló ń sọ irú prọ́sẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe é fún: tí ó bá jẹ́ 1, 32-bit ni, tí ó bá jẹ́ 2, 64-bit ni. APK fúnra rẹ̀, ìyẹn fáìlì áàpù Android, P àti K ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí pé ZIP ni, Phil Katz tó ṣe ZIP ló sì ni lẹ́tà méjèèjì.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Tí APK kan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ yọ .apk kúrò lẹ́yìn orúkọ ẹ̀dà náà, ẹ fi .zip síbẹ̀, kí ẹ wá ṣí i. Ẹ ó rí AndroidManifest.xml, ẹ ó rí classes.dex, ẹ ó rí fódà tó ń jẹ́ res. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó tún bá fódà kan tó ń jẹ́ lib. Ẹ wọ inú lib náà. Tí ẹ bá rí armeabi-v7a, ti fóònù 32-bit ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí arm64-v8a, ti 64-bit nìyẹn. Tí ó bá wá jẹ́ pé arm64-v8a nìkan ló wà níbẹ̀, tí fóònù yín sì jẹ́ 32-bit, ẹ lè tẹ Install títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní wọlé. Fóònù kò jẹ̀bi, ẹnjiníà kò sì jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ tí fóònù ń kọ síta náà ní ìtumọ̀, ó sì yẹ ká máa kà á dípò ká kàn ti fóònù sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tí ó bá kọ "There was a problem parsing the package", kò lè ka fáìlì náà ni: bóyá kò wọlé tán nígbà tí ẹ ń gbà á, bóyá Android tó ga ju tiyín lọ ni wọ́n ṣe é fún. Tí ó bá kọ "App not installed", ó kà á, àmọ́ ohun kan kò jẹ́ kó lè gbà á: àyè lè má sí mọ́, apá kan fáìlì lè ti sọnù, ó sì lè jẹ́ pé irú prọ́sẹ́sọ̀ tí fáìlì ń béèrè kọ́ ló wà nínú fóònù yín. Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, oògùn wọn kò sì pa pọ̀.

"Kò sí àǹfààní kankan nínú ìlànà tuntun, ọgbọ́n ìtajà lásán ni."

Irọ́ ńlá ni, ìtàn ló sì máa tú àṣírí rẹ̀ jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ṣe UNIX, ìlànà ìtò kan wà tó ń jẹ́ a.out. Kò le rárá: àṣẹ ṣáájú, dátà tẹ̀ lé e, àtòkọ orúkọ wà lẹ́yìn. Nígbà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, a.out yìí náà lòun àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn lò. Ó ṣiṣẹ́. Ibi tó ti kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn fáìlì àjùmọ̀lò.

Tí ètò mẹ́wàá bá ní irú iṣẹ́ kan náà láti ṣe, bíi kí wọ́n ya lẹ́tà sójú ẹ̀rọ, kò bọ́gbọ́n mu kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀dà iṣẹ́ yẹn sínú ara rẹ̀. Wọ́n á kó o sínú fáìlì kan tí gbogbo wọn lè pè. Lórí Android, orúkọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí .so. Lábẹ́ a.out ti Linux ìgbà náà, àdírẹ́sì kan ṣoṣo nínú mẹ́mọ́rì ni fáìlì àjùmọ̀lò kọ̀ọ̀kan lè gbé. Ẹ wò ó bí ilẹ̀ tí baálẹ̀ ń pín: ojúlé tí wọ́n bá fún ọ ni wàá wà, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ìwé ìpín. Tí ìdílé bá pọ̀ ju ilẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹjọ́ dé. Àwọn tó ń ṣe Linux nígbà náà ní ìwé ìpín irú èyí ní tòótọ́, tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì fáìlì àjùmọ̀lò kọ̀ọ̀kan sí. Láti ṣe fáìlì àjùmọ̀lò tuntun kan, iṣẹ́ àṣelàágùn ni.

ELF ló mú wàhálà yẹn kúrò. Orí UNIX System V Release 4 ló ti kọ́kọ́ wáyé. Lábẹ́ ELF, fáìlì àjùmọ̀lò kò ní ojúlé àbáláyé. Ibi tí àyè bá wà ni ẹ̀rọ máa gbé e sí, yóò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àtòkọ ohun tí ètò kan nílò wà nínú fáìlì ètò náà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ á kà á, á sì lọ wá wọn wá. Linux 1.2 jáde ní oṣù kẹta ọdún 1995 pẹ̀lú ELF nínú rẹ̀. Slackware 3.0, ẹ̀dà Linux kan, gbà á lọ́dún yẹn kan náà, Debian 1.1 gbà á ní oṣù kẹfà ọdún 1996, FreeBSD sì gbà á nígbà tí ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ jáde ní 1998. Kò sẹ́ni tó ta fóònù kankan fún àwọn tó ń ṣe wọn. Púpọ̀ nínú wọn ń fi àkókò ara wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, wọ́n sì yí padà nítorí pé ìlànà àtijọ́ ti ń dí wọn lọ́wọ́.

Àǹfààní yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, títí kan bí a ṣe ń kọ èdè wa. Ẹ wo ẹ́ àti ọ̀. Nínú Unicode, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ́ lódindi. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ohùn òkè sì ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi àmì náà lé orí lẹ́tà dáadáa, kó má yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má sì gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tí HarfBuzz ń ṣe nìyẹn, òun ni Android, Firefox àti LibreOffice ń lò. Lórí kọ̀ǹpútà Linux, fáìlì àjùmọ̀lò ni HarfBuzz sábà máa ń jẹ́. Tí wọ́n bá tún àṣìṣe kan ṣe nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ètò tó ń pè é ló máa kọ Yorùbá dáadáa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún ètò kankan kọ. Èmi tí mo ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, n kò lè pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọgbọ́n ìtajà.

"Ọjọ́ tí tuntun bá dé ni àtijọ́ ń kú."

Irọ́ ni, bí àwọn tó ń darí ètò bá mọṣẹ́ wọn. Linux gba ELF ní 1995, kò sì lé a.out jáde. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé ọjọ́ rẹ̀ ti ń pé, 2022 ni wọ́n sì tó yọ ọ́ kúrò fún irú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ lórí tábìlì wa. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Ẹni tó bá ní ètò a.out ní 1995 rí àyè tó pọ̀ tó láti fara balẹ̀ kó ẹrù rẹ̀.

Lórí Android náà, bí ó ṣe rí nìyẹn. Oṣù kejìlá ọdún 2017 ni Google kéde pé 64-bit ń bọ̀ lọ́nà dandan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2019, áàpù tuntun àti ọ́pdéètì tó bá ní fáìlì .so gbọ́dọ̀ mú ti 64-bit dání. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021, áàpù tí kò bá ní 64-bit kò hàn nínú Play Store mọ́ lórí fóònù tó lè lo 64-bit. Ẹ fetí sí i dáadáa: kò sí ibi tí òfin yẹn ti ní kí ẹnikẹ́ni yọ 32-bit kúrò. Fi èkejì kún un ni wọ́n sọ. Ẹni tó yọ ọ́ kúrò nínú áàpù rẹ̀, ìpinnu tirẹ̀ ni. Fóònù Android tó jẹ́ 64-bit sì ń ṣí áàpù 32-bit fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí Pixel 7 jáde ní 2022 ni Android kọ́kọ́ ní fóònù tó gba áàpù 64-bit nìkan.

Ìlànà kan tó tún wọlé lẹ́yìn náà ló wù mí jù nínú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2025, áàpù tuntun àti ọ́pdéètì tí wọ́n bá ṣe fún Android 15 sókè gbọ́dọ̀ to fáìlì .so wọn kó lè bá mẹ́mọ́rì tí wọ́n pín ní 16 KB, 16 KB, mu. 4 KB, 4 KB ni wọ́n ń pín in tẹ́lẹ̀. Fáìlì tí wọ́n bá tò báyìí yóò ṣiṣẹ́ lórí fóònù tuntun, yóò sì ṣiṣẹ́ lórí fóònù 4 KB tó wà lọ́wọ́ wa. Bí ó ṣe yẹ kí ìyípadà máa rí nìyẹn.

Àmọ́ kí a má da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Nígbà tí WhatsApp kúrò lórí àwọn Nokia S40 ní ìparí ọdún 2018, àti nígbà tó kúrò lórí Android 4.4 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìlànà ìtò fáìlì kọ́ ló lé e. Ilé iṣẹ́ náà ló pinnu pé òun kò ní tọ́jú ẹ̀dà yẹn mọ́. Ó dùn mí fún àwọn tó ń lo fóònù wọ̀nyẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà tí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Èkó kò ní ọ̀nà míì tó rọrùn láti bá wọn sọ̀rọ̀. Tí a bá fẹ́ bínú, ìpinnu yẹn ló yẹ ká bínú sí.

"Ìlànà tuntun ń jẹ dátà jù."

Òdìkejì rẹ̀ lòótọ́, bí ẹ bá gba áàpù láti Play Store. Ní 2018 ni Google mú ìlànà tuntun kan fún kíkó áàpù jọ, tó ń jẹ́ AAB, jáde. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 sì ni gbogbo áàpù tuntun tó ń wọ Play Store ti gbọ́dọ̀ wá bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, APK kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo ẹrù: fáìlì 32-bit, fáìlì 64-bit, àwòrán fún ojú fóònù kékeré àti ńlá, gbogbo èdè tí áàpù náà mọ̀. Fóònù yín a gba gbogbo rẹ̀, kó tó wá lo èyí tó kàn án. Nípa AAB, ẹni tó ṣe áàpù á kó gbogbo ẹrù fún Google, Google á sì yan èyí tó bá fóònù yín mu nìkan. Google ní áàpù tó wá lọ́nà yìí fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí APK akóǹkantán, bí a bá dá gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in. Áàpù tí ì bá gba 60 MB lè wá gba nǹkan bí 51 MB. Fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń wá tó ń lọ, ohun kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ sì lèèyàn ń gba áàpù. Ọ́pdéètì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibì kan wà tí ẹ̀sùn náà ti fìdí múlẹ̀, kò sì yẹ ká fi bò. Ní abúlé wa, ọ̀pọ̀ kì í gba áàpù láti Play Store. Láti fóònù kan sí èkejì ni wọ́n ń fi áàpù Xender tàbí irú rẹ̀ gbé e, láìná kọ́bọ̀ lórí dátà. Nígbà tí áàpù jẹ́ APK kan ṣoṣo, gbígbé e kò ní wàhálà. Ní báyìí tí Google ti gé e sí wẹ́wẹ́, áàpù kan lè jẹ́ fáìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí fóònù: base.apk, apá kan fún prọ́sẹ́sọ̀, apá kan fún ojú fóònù, apá kan fún èdè. Tí ohun tí wọ́n fi ń gbé e bá mú base.apk nìkan, yálà kó kọ̀ láti wọlé, tàbí kó wọlé kó máa kú lójú ẹni ní gbàrà tí a bá ṣí i. Nígbà yẹn lẹni tó gbà á máa ń sọ pé fóònù òun ti bàjẹ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ pín áàpù fúnra yín, ohun tí yóò kó gbogbo apá rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan, bíi .apks, ni kí ẹ lò, kó sì jẹ́ láàárín fóònù tí irú wọn bára mu. Mo gbà pé Google kò ro àwọn tó ń pín áàpù lọ́wọ́ dáadáa nígbà tí wọ́n ṣe òfin yìí. Àwọn tó ń fi dátà olówó gọbọi lo íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè.

"Fóònù 64-bit yá ní ìlọ́po méjì ti 32-bit."

Irọ́. Iye àdírẹ́sì mẹ́mọ́rì tí prọ́sẹ́sọ̀ lè pè ni nọ́ńbà yẹn ń sọ ní pàtàkì. Àdírẹ́sì 32-bit kò kọjá 4 GB. Fóònù tó ní mẹ́mọ́rì 2 GB kò tíì dé ẹnu ààlà yẹn, fáìlì 64-bit sì máa ń gba àyè díẹ̀ sí i nínú mẹ́mọ́rì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú fi ní prọ́sẹ́sọ̀ 64-bit àmọ́ tó jẹ́ Android 32-bit ni wọ́n gbé sórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kò tó ẹ̀rí. Èrè 64-bit wà o, pàápàá lórí iṣẹ́ àwòrán àti dídi ọ̀rọ̀ ní àṣírí, àmọ́ ẹni tó bá ṣèlérí ìlọ́po méjì fún yín, ọjà ló fẹ́ tà.

"Ọ́pdéètì tó yí ìlànà padà ló sọ fóònù mi di ìgbín."

Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀ ń ṣàròyé. Títí dé Android 4.4, Dalvik ló ń ka fáìlì .dex tó wà nínú áàpù, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún prọ́sẹ́sọ̀ bó ṣe ń lọ. Ní 2014, Android 5.0 gbé ART rọ́pò rẹ̀. ART máa ń sọ gbogbo áàpù di èdè prọ́sẹ́sọ̀ ní àsìkò tí a bá ń gbé e sórí fóònù, á sì tọ́jú èyí tó ti túmọ̀ sínú fáìlì tí wọ́n fi ìlànà ELF tò. Lẹ́yìn náà, áàpù á yá jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, bátìrì á sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Àmọ́ ó ń gba àyè. Ẹni tó bá ṣe ọ́pdéètì nígbà náà á rántí "Optimizing app 1 of 60" lójú fóònù rẹ̀, tí yóò gbé fóònù sílẹ̀, tí yóò lọ jẹun, tí yóò padà bá a ní 34. Fóònù tí ibi ìkẹ́rùsí rẹ̀ kéré ló jìyà jù. Android 7.0 ní 2016 ló tún un ṣe: ART wá ń túmọ̀ apá tí èèyàn ń lò jù nìkan, nígbà tí fóònù bá wà lórí ṣájà tí kò sì sẹ́ni tó ń lò ó. Àǹfààní ìlànà tuntun wà, àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ló san owó rẹ̀, ọdún méjì sì kọjá kí wọ́n tó rí ìtura.

"Fáìlì àtijọ́ ló dáa jù, kò ní fáírọ́ọ̀sì."

Irọ́ ni, èyí sì léwu. Tí ètò bá ń gbé ojú kan náà nínú mẹ́mọ́rì nígbà gbogbo, olè tó bá rí ihò kan nínú rẹ̀ ti mọ ibi tó máa lọ kó tó wọlé. Nítorí pé wọ́n lè to fáìlì ELF kó lè ṣiṣẹ́ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí, ẹ̀rọ lè máa yí ibùjókòó rẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí, tí olè yóò máa tẹ́ òkùnkùn wò. Android bẹ̀rẹ̀ sí í gba fáìlì iṣẹ́ tí wọ́n tò lọ́nà yìí láti 4.1, nígbà tó sì di 5.0, fáìlì iṣẹ́ tí kò bá lè kúrò lójú kan, Android kò ní ṣí i mọ́.

Ní 2023, Android 14 tún lọ síwájú: kò jẹ́ kí ẹ gbé áàpù tí wọ́n ṣe fún Android tó kéré sí 6.0 wọlé. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn oníjìbìtì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi áàpù wọn sí ìpele àtijọ́, kí fóònù má baà bi onílé léèrè kó tó jẹ́ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ àti fọ́tò rẹ̀. Láti 6.0 ni Android ti ń béèrè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lójú áàpù. Ẹni tó bá gbé WhatsApp tí wọ́n pè ní ti àtijọ́ wá bá yín nínú káàdì mẹ́mọ́rì, ẹ dá a padà fún un.

"Ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìyí, kò kan àgbẹ̀."

Irọ́, kò sì síbi tí irọ́ yìí ti dùn mí tó ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, nítorí pé ibẹ̀ ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà láti 1967, ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́. IITA yìí bá Yunifásítì Penn State ti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí áàpù PlantVillage Nuru. Àgbẹ̀ á ṣí i, á gbé kámẹ́rà sí ewé ẹ̀gẹ́, fóònù náà á sì wò ó bóyá àrùn wà lára rẹ̀, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Inú oko tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Áàpù tó ń bi kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè léèrè, iṣẹ́ tó ń ṣe lórí fóònù kò pọ̀. Èyí tó ń fojú ara rẹ̀ wo ewé tó sì ń dá ẹjọ́ àrùn lórí fóònù, ìṣirò rẹ̀ pọ̀ gan-an, irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú fáìlì .so tí wọ́n ti sọ di èdè prọ́sẹ́sọ̀. Nínú irú áàpù yìí gan-an ni armeabi-v7a àti arm64-v8a ti di ọ̀rọ̀ pàtàkì. Tí ọ̀kan bá kù, àgbẹ̀ kan wà tí áàpù náà kò ní ṣí fún, àgbẹ̀ yẹn ló sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí fóònù rẹ̀ kéré jù.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ áàpù fún àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Akínyẹlé ni pé kó gba gbogbo ìlànà tuntun tó bá dé: 64-bit, AAB, 16 KB. Kò gbọdọ̀ wá yọ armeabi-v7a kúrò nítorí kí fáìlì lè kéré, nígbà tí AAB ti ń yọ ọ́ kúrò fúnra rẹ̀ fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Kó sì gbé APK kan tó pé pérépéré, tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, sí ibi tí ẹnjiníà fóònù lè ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, kó sì pín in fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ láìná dátà wọn. Ẹ̀yin ẹnjiníà, kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ ṣí fódà lib náà wò.